Iná Tó Ń Rìn Lára Fàdákà

“Má wo owó,” ni Ambroise wí,
“iná tó ń rìn lára owó ni kí o wò.”
Ó pa gbogbo iná ṣọ́ọ̀bù, ó ku àtùpà kan ṣoṣo
tó dorí kodò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.
Lóde, Saskatoon ti funfun dé òrùlé,
odò ti dì gbagidi,
atẹ́gùn ń bu ni létí jẹ.

Ìbọ̀wọ́ òwú ló kọ́kọ́ nà sí mi.
“Etí owó ni kí o dì mú. Ìka tó bá kan ojú rẹ̀
á fi àmì sílẹ̀, àmì náà á sì pẹ́ láyé jù ọ́ lọ.”
Mo ṣí agolo bisikíìtì bàbá mi àgbà:
owó fàdákà mọ́kànlélógún,
ẹyọ kan lọ́dún kan, láti inú owó oṣù rélùwéè.
Ìwé ìròyìn tó wà nítòsí ni mo fi wé wọn,
n ò wo ojú ewé tí mo ń ya.

Ó mú ọ̀kan, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún dà á.
Ilẹ̀ owó náà dúdú bí omi kànga lóru,
ọbabìnrin àárín rẹ̀ funfun,
àfi bíi pé ìrì dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.
“Wọ́n dán òǹtẹ̀ èyí kí wọ́n tó lù ú,
ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì lù ú. Kò ra búrẹ́dì rí láyé.”
Òmíràn yí ọ̀rọ̀ padà: ilẹ̀ ló ṣú
bí èémí lára fèrèsé,
ọkọ̀ tín-ín-rín àti atukọ̀ méjèèjì ló ń kọ mànà.
Ó dákẹ́ lórí ìyẹn. Kẹ́tùlù hó, kò gbọ́.
Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó pa á dé, ó tún ṣí i.
“Wọn ò kọ irú èyí sí ọdún yìí.”

Mo wá yọ èyí tí mo gbójú lé,
tó dán ju gbogbo wọn lọ, tó ń pe ojú láti òkèèrè.
Ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó mí kanlẹ̀.
“Ta ló fọ̀ ọ́?”
Ìyá mi àgbà Paraska ni, ọṣẹ ìfọyín àti àkísà,
ní gbogbo àìsùn Kérésìmesì,
kí ó lè bá ṣíbí dọ́gba lórí tábìlì.
“Wò ó. Lára owó tí a kò fọ̀, iná á máa yí bí wáyà kẹ̀kẹ́.
Lára èyí, ó kàn dúró sójú kan
bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.
Ìwọ̀n fàdákà rẹ̀ ni mo lè san.”
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún,
mo fi ọwọ́ lásán jù ú sápò.

Ó ku ọ̀kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ tíì àná.
Èmi ìbá fi ra gọ́ọ̀mù.
“Sún mọ́ ibí. Jígí wà lẹ́yìn àwọ̀ yẹn.”
Ó ní kí n gbé ìwé tí mo fi wé e dúró níwájú rẹ̀,
kí n ka lẹ́tà tó bá hàn nínú fàdákà,
kí n máa fà á sẹ́yìn, kí a lè mọ
ìka mélòó ni ojú rẹ̀ lè ríran dé.

Ìka méjì. Àwọn lẹ́tà kẹ̀yìn sí mi:
T, S, E, R, O.
Mo kà á láti ọ̀tún.
Ìkéde ìsìnkú ni. Èmi náà ni mo kọ ọ́, lóṣù tó kọjá,
mo sì ṣì ọjọ́ orí rẹ̀ kọ.
Ìka mẹ́rin, ó ṣì wà.
Mẹ́fà, etí lẹ́tà ń yọ́.
Ní ìka mẹ́jọ, orúkọ náà di èéfín.

“Mélòó?”
“Mẹ́jọ.”
Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ilà sábẹ́ rẹ̀.
Kò bèèrè ohun tí mo kà.