Báwo Ni Yìnyín Ṣe Nípọn Tó?

Bàbá mi Taisto kì í gbàgbé adágún.
Ní Kajaani, kí ilẹ̀ tó mọ́
(ilẹ̀ kì í tètè mọ́ níbẹ̀ lóṣù kìíní),
ó ti gbé irin kọ́ èjìká,
ó ti lu yìnyín ní ihò, ó ti ki ọ̀pá bọ̀ ọ́,
ó ti wọ̀n ọ́n.
Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ló máa ń gbàgbé.
Yóò délé, yóò bọ́ bàtà, yóò gbé kọfí kaná,
yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo fi Línúsì sí fún un,
ni yóò bá máa ka ìròyìn ìdíje síkì.
Iye sẹ̀ǹtímítà á ti yọ́ dànù lórí rẹ̀.

Mo jókòó ní Tampere, mo kọ ìwé àṣẹ kan, ìlà mẹ́fà péré:
bó bá ti wọlé, kí ẹ̀rọ bi í,
"Báwo ni yìnyín ṣe nípọn tó lónìí?"
kó gba èsì, kó fi déètì sí i, kó tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, kẹ́kẹ́ pa.
Mo kọ ọ́ ni, n kò fún un láṣẹ àtiṣiṣẹ́.
Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kò rán níṣẹ́, ẹjọ́ wo ló ní í rò?

Ọjọ́ kejì, bàbá pè mí:
"Mirkka, ta lo fi sínú ilé mi?
Gbogbo fèrèsé dúdú tí mo bá ṣí ló ń bi mí.
Mo dáhùn, ó tún bi mí.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin kí kọfí tó tutù!
Ṣé inú yàrá ni yìnyín ti ń sanra ni?"
Ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó dúró,
èmi ni mo fi í sí gbogbo yàrá.
Ọmọ tó ń kí ni káàárọ̀ nígbàkigbà tí a bá yíjú,
ẹ̀kọ́ ilé kọ́ nìyẹn.

Mo gbé e lọ sínú fáìlì tí ẹ̀rọ ń kà lẹ́ẹ̀kan, nígbà ìwọlé.
Ìbéèrè kan, èsì kan:
mọ́kànlélógójì. Mẹ́rìnlélógójì. Méjìléláàádọ́ta.
Nígbà tó di oṣù karùn-ún, mẹ́sàn-án,
lẹ́yìn náà, òdo.

Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò? Adágún ti domi."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ aago ara ògiri.
"Fi í sílẹ̀. Kò dí mi lọ́wọ́."

Lálẹ́ àná mo yọjú sínú àkọsílẹ̀ náà:
Òdo. Òdo. Òdo.
Pẹ́pẹ́yẹ méjì lẹ́bàá èbúté.
Òdo.
Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo lúwẹ̀ẹ́. Ìwọ ńkọ́?