Má Fọ́ Òróòro

Omi Mersey ti fà, ó ku ẹrẹ̀,
ẹrẹ̀ dúdú tó ń dán bí ìdí ìkòkò,
tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu.
Hesketh tú àwọ̀n sínú ọkọ̀,
ẹja pẹlẹbẹ mọ́kànlá bọ́ sílẹ̀ pà.
"Ẹja ni àbí àkàn?" ni mo bi í, ní èdè tí kò gbọ́.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òjò ń bọ̀.

Ọjọ́ tí ẹja yìí jáde nínú ẹyin,
ó dúró ṣánṣán bí ẹja gbogbo,
ojú kan lọ́tùn-ún, ojú kan lósì.
Nígbà tó yá, ojú òsì kó kúrò nílé,
ó gba orí kọjá, ó lọ bá èkejì gbé.
Ẹja wá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ bora,
ojú méjèèjì ń wòkè, ó ń ṣọ́ ẹyẹ.
Ta ni yóò sọ fún un
pé abẹ́ ikùn ni ọ̀tá wà?

Nítorí ẹrẹ̀ kì í gbàgbé.
Ilé iṣẹ́ aró ti wó palẹ̀,
wọ́n ti kọ́ ilé ìtajà bàtà sójú ilẹ̀ rẹ̀,
ṣùgbọ́n ohun tó bì sódò ṣì wà níbẹ̀:
òjé, mákíúrì, ọ̀dà èédú,
ìpele lórí ìpele
bí aṣọ inú àpótí arúgbó.

Lórí tábìlì, mo la ikùn.
Ohùn ìyá mi dé láti ìdí ààrò ní Ìlárá:
"Má fọ́ òróòro o! Bó bá fọ́, ọbẹ̀ á korò."
Ìyá, òróòro gan-an ni mo wá wá.
Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni mo fi fà á, ẹ̀kán mẹ́ta péré.
Mo gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò, ó tàn.
Èéfín àtijọ́ ló ń tàn yẹn.
Ẹ̀dọ̀ ló lọ̀ ọ́, ló tì í jáde,
ẹ̀dọ̀ tí kò sinmi, tí kò gbowó oṣù,
tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú májèlé palẹ̀
tí májèlé mìíràn fi ń bọ́ sí i lọ́wọ́.
Mo rí kókó funfun kan létí rẹ̀, ó tó hóró ìrẹsì.
Mo wọ̀n ọ́n. N kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù.
Òótọ́ ni.
Ẹja kò da nǹkan kan.

Ó ku ìwé tí mo ní láti kọ.
Gígùn: sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ọjọ́ orí: òkúta inú etí ní ọdún márùn-ún.
Akọ tàbí abo?
Mo ti rí ẹpọ̀n, mo kọ akọ.
Àfi bí èsì ẹ̀jẹ̀ ṣe dé láti yàrá kejì:
ohun tí abo fi ń ṣe pupa ẹyin
kún inú akọ yìí bámúbámú.
Mo mú gègé. Mo gbé e sílẹ̀.

Hesketh pè lórí fóònù nírọ̀lẹ́,
ó ní kí ni mo bi òun láàárọ̀?
Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Àkàn kò sí níbẹ̀," ló wí. "Mo kà wọ́n."