Ife Omi Kan ní Òkelele

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀.
Sẹ́lìátù gbé ọmọ wọlé bí ẹni gbé aṣọ tútù:
ọwọ́ ń fì, orí ń yẹ̀,
òórùn èébì ti ṣáájú wọn dé ẹnu ọ̀nà.

"Eyín ló ń hù," ni ìyá-ọkọ rẹ̀ wí.
N kò bá a jiyàn. Mo fa àga, mo bèèrè:
Ìgbà mélòó ló ti yàgbẹ́ láti ìrọ̀lẹ́?
Ó kà á lórí ìka; ìka tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Ó ń ṣàn ni, àbí ó ń fà bí ikun?
Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?
Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.
Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?
Ibẹ̀ ni Sẹ́lìátù ti dákẹ́.

Mo fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, mo jù ú sílẹ̀;
awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, bí aṣọ tí irin ìlọṣọ ò kàn rí.
Ojú ti wọnú. Ọmọ ń sunkún,
ẹkún gbígbẹ. Ibo ni omijé yóò ti wá?
Mo wá iṣan, iṣan ti sá pamọ́.
Mo fi síbí kán omi oníyọ̀-òun-ṣúgà sí i lẹ́nu.
Ó bì í. Mo dúró. Mo tún kán an,
díẹ̀, díẹ̀,
títí wọ́n fi pe ìrun Àsùbáà.
Ìgbà náà ló tọ̀ sí mi lára;
mo yọ̀ bí ẹni jogún.

Òun nìkan kọ́. Mọ́dínátù ti wá lánàá,
Bàbá Yíṣáù ti wá ní ìjẹta.
Mo ṣí ìwé, mo wo ibi tí wọ́n ń gbé:
agboolé kan náà. Mo fi bírò yí i ká.

Lọ́sàn-án mo lọ síbẹ̀. Wọ́n gbálẹ̀ mọ́ tónítóní.
Kànga wà lábẹ́ máńgòrò, ṣáláńgá wà lẹ́yìn ògiri.
Mo fẹsẹ̀ wọn àárín wọn: ìṣísẹ̀ mẹ́jọ.
Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti falẹ̀ láti ọ̀hún wá síbí,
ilà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn.

Ìyá-ọkọ Sẹ́lìátù jáde sí mi, ó kúnlẹ̀,
ẹni tó tó bí ìyá mi lọ́mọ.
Ife àlejò ló fi bumi wá, ife dígí olódòdó pupa.
"Ẹ mu, nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣe wá lóore."

Omi náà mọ́ gaara.
Gbogbo agboolé ń wo ẹnu mi.
Mo gbé ife sílẹ̀ jẹ́ẹ́ létí kànga,
mo di ọwọ́ rẹ̀ mú:
"Ìyá, ẹ jókòó."