Owó Ọkọ̀ Ti Bá Bọ́ọ̀lù Lọ

Láníyọnu, dìde níwájú ilé tẹ́tẹ́.
Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn irin yẹn kò ní dá owó rẹ padà.
Bọ́ọ̀lù tó fò kọjá lórí igi ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún
kò mọ̀ pé owó ọkọ̀ Ṣakí ló gbé dání.
Ìgbà mẹ́rìnlá lo ti wá,
Mọ́kọ́lá nìkan lo mọ̀:
àga oníke, tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà,
àti ìpàkọ́ àwọn tí wọ́n ń pàdánù bíi tìrẹ.
O wá ń délé wí pé o dé Ìbàdàn.

Èmi náà ò ní. Owó ìfẹ̀yìntì kò tíì wọlé.
Ẹsẹ̀ ló kù. Ká rìn ín dé Kúdẹtì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka mítà omi nílùú yìí,
mo kà á títí omi fi dẹ́kun yíyọ,
mo ṣì ń kà á.
Kò sí ẹ̀yìnkùlé tí ajá ibẹ̀ ò gbóòórùn mi rí.

Yà síbí.
L'Ókè Pádì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà,
àtẹ̀gùn òkúta kan wà tí kò lọ síbì kankan.
Ilé tó ń gbéni lọ ti wó,
àtẹ̀gùn kọ̀, kò bá a wó.
Mo ní mọ́kàndínlógún ni. O ní ogún.
O ní ká ta á síra wa. Ìwọ tí o ò ní kọ́bọ̀!
A gùn ún lẹ́ẹ̀mejì.
Lókè pátápátá, ẹnì kan sá bàtà ọmọ iléèwé,
ẹsẹ̀ kan péré, funfun,
ó dojú kọ oòrùn bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ìyá rẹ̀.
O wò ó pẹ́. O ò sọ nǹkan kan.

N'Ídìíkàn, Sáká alátùn-ún-ṣe aago kí wa láì gbójú sókè.
Aago mẹ́tàlélógójì ló wà lára ògiri,
kò sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu.
O bi í pé èwo ló sọ òótọ́.
Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi òótọ́ ṣe?"
Ó ní àwọn tó ni òmíràn ti kú,
ṣùgbọ́n wọ́n ti san àsansílẹ̀, òun ò sì lè jẹ owó òkú gbé,
ni òun ṣe ń yí i fún wọn láràárọ̀.
Lókè àwọn aago, ìlà pupa kan fa ògiri já,
ó ga jù mí lọ:
ibi tí omi dé lọ́dún Omíyalé.
Sáká kò kùn ún rí. Ó ní kí omi má bàa gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n.

Lábẹ́ afárá Ọ̀gùnpa, lékeléke mẹ́ta dúró lórí ọ̀rá àti pákó.
O ní ti àárín ló máa kọ́kọ́ fò.
Mo ní ti ọ̀tún.
A dúró, a dúró,
oòrùn wọ̀, ọlọ́kadà mẹ́ta bi wá bóyá nǹkan wa ló jábọ́.
Kò sí èyí tó fò.
Ìyẹn ni tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ tí ojú rẹ ò pọ́n lé lórí.

A dé Kúdẹtì, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo fi tọ́ọ̀ṣì hàn ọ́ lẹ́bàá kànga:
mítà àkọ́kọ́ tí mo kà láyé mi, ewéko ti dì í mọ́ ògiri.
O bẹ̀rẹ̀, o fi ìka nu gíláàsì rẹ̀,
o ka nọ́ńbà náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan,
o yọ bírò, o kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì tó kú.
Àyà mi fẹ́ẹ́ kún. Mo ní, ó ti yé e wàyí.
O ní, "Bùọ̀dá, màá ta nọ́ńbà yìí lọ́la."

Mo tẹ́ ẹní fún ọ láìfèsì.
Mo ti ń sùn lọ nígbà tí ohùn rẹ tún wá látinú òkùnkùn:
"Ogún ni. Èyí tó gbẹ̀yìn wà lábẹ́ koríko.
Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ padà."