Ẹgbàárùn-ún Ó Dín Ẹyọ Kan

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
àgùntàn tó ti ń jẹ̀ láìní olùṣọ́ láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́.
Ní ẹ̀yìn Blönduós, Sólrún jókòó sínú ahéré onípáánù,
kọ̀ǹpútà lórí itan, kọfí ti tutù.
Èmi tí mo wá tún áńtẹ́nà ṣe, mò ń wò ó.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ẹ̀rọ:
mélòó ló ti wọlé?

Ẹ̀rọ dákẹ́.
Ó ń kó gbogbo wọn wá,
tòun ti àwọ̀, tòun ti orúkọ ìyá,
abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn,
àwòrán etí tí a fi ọ̀bẹ ṣàmì sí,
gbogbo wọn ń fún ara wọn mọ́ ojú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́
láti Reykjavík wá kún inú iyè ẹ̀rọ,
kí kóòdù tí Sólrún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ
lè máa fìka tọ́ wọn: ení, èjì, ẹ̀ta,
kó sì wá da gbogbo wọn nù.

Ketill, àbúrò ìyá rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo.
Kò bi àgùntàn kankan léèrè orúkọ.
Bí igba bá ti kọjá, òkúta kan
á kúrò nínú àpò ọ̀tún bọ́ sí àpò òsì.
Ó parí.
Ẹni tó bèèrè iye ẹ̀wà inú àpò,
ṣé a ó se gbogbo rẹ̀ fún un jẹ ni?

Sólrún wo òkúta, ó wo ojú ẹ̀rọ,
ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Ó pa ìlà mẹ́rin rẹ́, ó kọ ẹyọ kan:
Àká, ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà, ìwọ ni kí o kà wọ́n.
Iye nìkan ni kí o fi ránṣẹ́.

A ò tíì mí tán tó fi dé,
ó fúyẹ́ bí ìyẹ́:
ẹgbàárùn-ún ó dín ẹyọ kan.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọ́n kọ́ mi nílé.
Mo rí ìdí rẹ̀ lójú Ketill.
Nọ́mbà kò láwọ̀. Nọ́mbà kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni.
Ó wo inú agbo títí.
"Eléérú ni," ó wí, "èyí tí ìwo òsì rẹ̀ kán."

Sólrún tún béèrè: ẹyọ yẹn péré,
ìgbà yìí, gbé e wá tòun ti orúkọ.

Ìrì dídì ti ń bọ́. Ketill pe ajá, ó kọjú sókè,
òkúta tó kẹ́yìn ṣì wà nínú àpò ọ̀tún.