Orí Àpáta Tí Ìyá Mi Ti Ń Kírun

Lọ́dún tó kọjá, mo gun òkè Núúrù
lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
orúnkún mi ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Àwọn arúgbó ilẹ̀ Tọ́kì ń yà mí sílẹ̀
bí ẹni tí ọjà ń pè.
Mo ń ka àtẹ̀gùn, mo ṣì í kà,
mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.
Ẹnu ihò Hírà ni mo dé tí mo jókòó,
Mẹ́kà tàn nísàlẹ̀ bí ẹ̀yinná tí wọ́n dà sílẹ̀,
omijé sì bọ́ lójú mi,
kì í ṣe nítorí ohun tí àwọn tó kù ń sunkún lé.
Agolo mílíìkì kan ni mo rántí.

Agolo Súwébátù, ìyá mi, ọmọ Jìnádù ará Ìkìjà,
tó ta ẹ̀pà sísun fún ọgbọ̀n ọdún ó lé
nísàlẹ̀ Olúmọ, níbi tí àwọn àlejò ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.
Owó Mẹ́kà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kún.
Ìkíní, èmi ni mo jẹ ẹ́: owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá.
Ìkejì, ìjì ṣí òrùlé.
Ìkẹta, bàbá wa dùbúlẹ̀ sí ọsibítù Ìdí-Àbà,
kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé.
Ní gbogbo ìgbà, ìyá mi á kàn gbọn agolo létí,
á ní, "Mẹ́kà ò lẹ́sẹ̀. Kò ní sá."

Bó bá ti di Alásárì,
á gbé àtẹ fún ìyàwó Fàlílù, á gun òkè
dé ibi pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ihò,
nítòsí ibi tí àwọn tí ogun lé ti lọ àgbàdo
títí ojú òkúta fi di kòtò.
Á tẹ́ ìborùn sílẹ̀, á kọjú sí ìlà-oòrùn.
Wọ́n lọ fẹjọ́ sun Lèmọ́mù.
Ó ránṣẹ́ pè é: "Súwébátù, orí òkè abọ̀rìṣà lo ti ń kírun?"
Ó ní, "Lèmọ́mù, òkúta yìí, ta ló mọ ọ́n?"
Bàbá húkọ́.
Ó wá bàtà rẹ̀ lọ.

Ó kú lóṣù Ṣàbánì. Agolo ò tíì dé ìdajì.

Lónìí mo gun Olúmọ.
Lífítì ti bàjẹ́, mo dúpẹ́.
Lẹ́nu ojúbọ, ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà,
kò gbójú sókè kó tó mọ̀ mí.
"Ọmọ ẹlẹ́pà. Ṣé o débẹ̀?"
"Mo débẹ̀, ìyá. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, orúkọ rẹ̀ ni mo fi ṣe é."
"Òkè tiwọn ńkọ́? Ó ga ju tiwa lọ?"
"Ó ga."
Ó ju òkúta wẹ́wẹ́ kan nù nínú ẹ̀wà.
"Ṣé ó ti fi èèyàn pamọ́ rí?"
Mo sọ ti ihò Sáórì fún un,
Ànábì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, ọ̀tá lẹ́nu ihò,
aláǹtakùn tó takùn dí i, ẹyẹlé tó sàba.
Ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ kan ṣoṣo fi hàn:
"Ẹ wò ó! Òkúta mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo."
Mo bu omi Sàmusàmù fún un nínú ọmọrí ike.
Ó yí i lẹ́nu.
"Ó níyọ̀ díẹ̀," ló wí, ó tún na ọmọrí sí mi.

N ò bọ nǹkan kan.
N ò bẹ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Ẹni tó dá mi.
Ibi pẹlẹbẹ yẹn ni mo ń wá, mo sì rí i:
ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ẹni kan péré ló gbà.
Páànù Abẹ́òkúta nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún,
odò Ògùn ń dán láàárín wọn
bí ọ̀bẹ tí ẹnìkan gbàgbé.
Mo forí kan òkúta.
Ó gbóná. Oòrùn ti ń yan án láti àárọ̀.
Báyìí ni iwájú orí ìyá mi ṣe ń gbóná
ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá gbé mi mọ́ra,
tí mo ń rò pé ibà ni.