Yamàhá Ológójì

Ibùdókọ̀ ni mo wà, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́,
yìnyín ń já bọ́ bí láfún tó tú lápò,
nígbà tí fídíò ìsìnkú yín wọlé.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀.
Àwòrán ń gbọ̀n, ẹni tó mú fóònù ń sunkún.
Mo rí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mo rí yanrìn pupa,
mo rí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ fìrí lẹ́yìn ọgbà.

Lẹ́mọ́mù gbóhùn sókè:
"Ẹni tí Bísíríyù bá jẹ ní gbèsè, kó wí.
Ẹni tó bá jẹ Bísíríyù, kó wí."
Ìdákẹ́jẹ́. Ẹnìkan wúkọ́.
Àkùkọ kan kọ, kò mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè.
Èmi náà lanu,
èéfín òtútù ló jáde.
Bọ́ọ̀sì dé. Mo wọlé, mo san owó ọkọ̀ mi pé.

Ẹ rántí, Ẹ̀gbọ́n? Ọdún kẹfà rèé.
Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ ti kírun tán ní Àyétòrò,
ẹ ní kí n tẹ̀lé yín lọ sí èbúté.
Ẹ fọwọ́ ra Yamàhá yín lórí
bí ẹni ń rẹ àgbò Iléyá lẹ́kún,
ẹ sì tà á fún ará Ìwòpin kan lójú mi.
Ẹ ka owó náà sí mi lọ́wọ́, igba ẹgbẹ̀rún lé ogún,
ó ń rùn fún epo, ó ń rùn fún ẹja.
Ẹ ní, "Rọra lọ. Bí o bá débẹ̀, wàá fi ránṣẹ́.
Èmi á ṣì máa fi àjẹ̀ wà á ná."

Mo débẹ̀.
Oṣù kìíní, mo ní ilé ni mo ń gbà.
Oṣù kẹfà, mo ní owó orí.
Ọdún kejì, mo pa nọ́ńbà dà, n kò wí fún yín.
Kì í ṣe pé mo fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ojú ló ń tì mí,
ìtìjú ọ̀hún sì ń bímọ bí ehoro.
Òru ni mo fi ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kì í wá,
mò ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń yí wọn sí ìkejì.
Tí mo bá délé, gbèsè yín á máa yí èmi náà.
A ní a jẹ gbèsè. Ta ló jẹ ẹ́ rí tó yó?

Èyí tó dùn mí jù:
látìgbà tí náírà ti ṣubú,
owó iṣẹ́ òru méjì ti tó láti san án.
Òru méjì péré.
Mo fi ọdún mẹ́fà sá fún òru méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá nọ́ńbà Sẹ́mílátù, àkọ́bí yín.
Mo fi igba ẹgbẹ̀rún lé ogún ránṣẹ́, kò dín, kò lé.
Mo kọ lẹ́tà gígùn tẹ̀lé e, mo pa á rẹ́,
mo kọ "Ẹ kú ìrọ́jú."

Èsì rẹ̀ dé láàárọ̀:
"A rí owó. A dúpẹ́.
Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ.
Owó yìí á ra abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti pílọ́ọ̀gì méjì.
Apá ọ̀tún bàbá mi kò ṣeé gbé sókè mọ́
kí wọ́n tó lọ."
Kò bú mi.
Ì bá jẹ́ bú mi.

Mo ti ń rà á padà báyìí, lẹ́yọ lẹ́yọ.
Oṣù yìí, kabúrétọ̀.
Oṣù tó ń bọ̀, bí wọ́n bá fún mi ní òru kún òru, tánkì epo.
Sẹ́mílátù ń kó wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì
lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ máa ń sùn.
Ó ń ya àwòrán wọn sí mi, kì í kọ ọ̀rọ̀ sí i:
irin tútù, tí kò tíì fẹnu kan omi.
Nígbà mìíràn, bí òmùgọ̀,
mo máa ń gbé àwòrán náà sétí,
bóyá mà á gbọ́ kó wúkọ́.